Ìyá Bá Mi Tọ́ Ọ Wò

Dókítà bi wá pé kí ni Ìyá mu, èmi ni mo sì dáhùn pé àgbo ni. Irọ́ ni mo pa. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí page yìí, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin kẹ́ ẹ tó bú mi, torí mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi... èmi náà ti bú ara mi títí, kò yí nǹkan kan padà. Ọjọ́ Sunday tó ń bọ̀ yìí ni fídáù ogójì ọjọ́ Ìyá. Tí mi ò bá tíì mọ nǹkan tí màá ṣe kó tó dọjọ́ náà, màmá mi máa dìde níwájú gbogbo ẹbí, wọ́n á ní àwọn làwọn pa ìyá àwọn. Kì í sì í ṣe àwọn. Èmi ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìyá tí mò ń sọ yìí ni ìyá tó bí màmá mi, ọmọ ìlú Alápòtì ni wọ́n, wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, àgbo ibà ni wọ́n ń sè. Ẹni tó bá ti ṣe morning shift rí láwọn iléeṣẹ́ tó wà ní Ṣàngó sí Ọ̀tà níbí, ó ṣeé ṣe kó ti mu nínú àgbo ilé wa. Ìyá á sè é, Mọ́mì á rù ú lọ sí gate kí àwọn òṣìṣẹ́ tó wọlé, èmi ni mò ń fọ ike. Nígbà tí mo wà ní primary, òórùn èèpo igi máa ń bá mi dé kíláàsì, àwọn ọmọ á máa pè mí ní ọmọ alágbo, inú á máa bí mi, màá délé màá máa kùn. Àgbo yẹn náà ló rán mi dé yunifásítì, tí mo fi wá ń ṣe PhD nínú chemistry. Ẹ wá wò ó, iṣẹ́ àgbo náà ni mo tún padà lọ ń ṣe níbẹ̀, mo kàn wọ aṣọ funfun lé e ni.

Ìyá ní òfin kan. Ẹni tó bá sè é ló máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Láràárọ̀, tí wọ́n bá ti sọ ìkòkò kalẹ̀, kọ́ọ̀bù kékeré kan wà tí wọ́n máa fi bu díẹ̀, wọ́n á mu ún, wọ́n á jókòó sórí àpótí wọn, wọ́n á máa fa tẹ̀sùbáà títí wọ́n á fi fà á yí ká. Tí nǹkan kan ò bá ṣe wọ́n, ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa ní kí n máa rọ ọ́ sínú ike. Bó o kánjú, bó ò kánjú, bí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wọlé tán... wàá dúró. Wọ́n máa ń sọ pé oògùn tí ẹni tó sè é ò bá lè gbé sẹ́nu, kó má gbé e fún ọmọ ọlọ́mọ. Látìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò rí i kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kódà nígbà ààwẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n máa ń sè é kí wọ́n lè rí i tọ́ wò.

Nígbà tí ọ̀gá mi ní láàbù ní ká wá igi tá a máa ṣiṣẹ́ lé lórí, igi Ìyá ni mo mú lọ. Mi ò ní dárúkọ igi náà, torí àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ lè wà lórí page yìí. Ìyá fúnra wọn ló mú mi dé ìdí ẹ̀ lóko. Wọ́n fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń bó èèpo ẹ̀, pé a kì í bó igi yípo, torí ó máa kú, ẹ̀gbẹ́ kan la máa ń bó, ká fi ìyókù sílẹ̀ fún un kó fi máa mí. Iṣẹ́ tá a wá ń ṣe ní láàbù, kí n sọ ọ́ kó yé yín: nǹkan kan wà nínú èèpo yẹn tó ń bá kòkòrò ibà jà, àmọ́ kò pọ̀ níbẹ̀, kì í sì í pẹ́ nínú ara èèyàn. A ò sì lè gé gbogbo igbó Alápòtì tán nítorí ẹ̀. A máa wo bí Ọlọ́run ṣe to nǹkan náà, a máa wá fi kẹ́míkà ṣe èyí tó jọ ọ́, a máa yọ díẹ̀ kúrò níbí, a máa fi díẹ̀ kún un lọ́hùn-ún, bóyá tiwa á lágbára ju ti inú igi lọ. Bí télọ̀ ṣe máa ń wo sítáì lọ́rùn ẹlòmíì, táá wá gé tiẹ̀ lọ́nà míì. Mẹ́rìndínlógún la ṣe tí kò já mọ́ nǹkan kan. Ìkẹtàdínlógún ló pa kòkòrò ibà nínú abọ́ láàbù tí a ò rí ẹyọ kan mọ́. Ọ̀gá mi ń rẹ́rìn-ín, èmi ń sunkún, torí ó ti di ọdún mẹ́ta tí mo ti wà lẹ́nu nǹkan kan náà.

Kò yẹ kí n gbé ìkẹtàdínlógún yìí jáde ní láàbù. Òfin ni, ó wà lára ògiri. Àmọ́ Ìyá ti ń bi mí láti ọjọ́ yìí pé èèpo tí mo gbé lọ, kí ló dà, ẹsẹ̀ wọn ò sì lè gun àtẹ̀gùn láàbù wa mọ́ kí wọ́n wá wò ó fúnra wọn. Mo wá bu díẹ̀ sínú ìgò kékeré, irú ìgò tó máa ń wà fún abẹ́rẹ́ yẹn, ìyẹ̀fun funfun báyìí. Mo fi sínú báàgì mi, mo wọ mọ́tò ní Toll Gate, mo gbé e lọ fún wọn, ọjọ́ Thursday ni. Mo kúnlẹ̀, mo fi lé wọn lọ́wọ́, mo ní, Ìyá, oògùn yín rèé. Ẹ gbọ́ nǹkan tí mo sọ o. Oògùn yín. Nǹkan tó wà lọ́kàn mi ni pé ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá, àwọn ló ni ín. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ wò ó, tí wọ́n bá kó oògùn lé arúgbó lọ́wọ́ tí wọ́n ní oògùn yín rèé, kí ni arúgbó náà máa rò?

Ìyá gbé ìgò náà sókè sójú oòrùn, wọ́n ń yí i, inú wọn dùn. Wọ́n wá bi mí pé ta ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní àwa kì í tọ́ nǹkan wò ní láàbù, ẹni tó bá tọ́ nǹkan wò níbẹ̀, wọ́n máa lé e ni, eku la máa fún, eku funfun, a ò tíì bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ojú Ìyá yí padà. Wọ́n ní ṣé eku lẹ́nu tó máa fi sọ pé inú ń run òun ni. Mo tún rẹ́rìn-ín... mo rẹ́rìn-ín jù lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní kí n jẹ́ kó sùn sọ́dọ̀ àwọn di ọjọ́ kejì, pé àwọn fẹ́ fi han ọ̀rẹ́ àwọn kan tí wọ́n jọ máa ń kírun. Ó yẹ kí n ní rárá. Ó yẹ kí n sọ pé tẹ́ ẹ bá mu ún ó lè pa yín. Ẹnu mi ò gbà á. Ọmọ wo ló máa wojú ìyá ẹ̀ àgbà, táá ní nǹkan tá a ṣe látara igi yín, májèlé ni? Mo wá ní, Ìyá, ẹ má ṣí i o, ó lágbára. Ó lágbára. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ alágbo dáadáa, ẹ mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ wọn tó ìyẹn. Mo rò pé mo ń kìlọ̀ ni, ìpolówó ni mò ń ṣe.

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo lọ gba ìgò mi. Ó ti dín kù dé ìdajì. Ìyá jókòó sórí àpótí wọn, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń wò mí tẹ̀ríntẹ̀rín. Wọ́n ní àwọn ti bá mi tọ́ ọ wò. Wọ́n ní àwọn pò ó mọ́ omi gbígbóná láàárọ̀, àwọn ti fa tẹ̀sùbáà yí ká lẹ́ẹ̀mẹta, nǹkan kan ò ṣe àwọn, ó korò àmọ́ kò korò tó tinú ìkòkò. Wọ́n ní tẹ́nikẹ́ni bá tún bi mí pé ta ló kọ́kọ́ mu oògùn mi, kí n má sọ pé eku mọ́, kí n sọ pé ìyá mi àgbà ni.

Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n gbé wọn lọ sí ọsibítù, ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́, mo mọ̀. Àmọ́ mo wò wọ́n, wọ́n jẹ ẹ̀kọ lójú mi, wọ́n dìde wọ́n ṣe àlùwàlá fúnra wọn, wọ́n kírun Àsárì. Mo ní bóyá kò ní ṣe nǹkan kan. Mo tún ní tí mo bá gbé wọn dé ọsibítù, wọ́n á bi mí pé kí ni wọ́n mu, ibo ni mo ti rí i, ọ̀rọ̀ á dé etí ọ̀gá mi, ọdún mẹ́ta á wọgbó. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn, mi ò ní purọ́ fún yín. Ìwé mi ni mo rò. Mo bẹ Ìyá pé kí wọ́n má sọ fún Mọ́mì, mo mú ìgò, mo lọ. Lọ́jọ́ Monday mo sọ fún ọ̀gá mi pé ó bọ́ lọ́wọ́ mi ó fọ́, wọ́n ní kò burú, kí n ṣe òmíì.

Tuesday, Ìyá ò lè jẹun. Ọjọ́ Wednesday wọ́n ń bì, ojú wọn ti pọ́n, ìtọ̀ wọn náà ti pọ́n. Mọ́mì wò wọ́n báyìí, wọ́n ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni. Kò sí alágbo tí kò ní sọ bẹ́ẹ̀, àìsàn tí ilé wa mọ̀ jù lọ láyé nìyẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ọwọ́ Ìyá ti wo ibà yẹn sàn fún. Mọ́mì gbé ìkòkò kaná. Fúnra wọn ni wọ́n sè é torí Ìyá ò lè dìde. Wọ́n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, wọ́n jókòó, wọ́n dúró, wọ́n wá bù ú fún Ìyá. Ìgbà mẹ́ta lójúmọ́, ọjọ́ méjì. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo ń gbé orí Ìyá sókè kí wọ́n lè gbé e mì... mo mọ̀ pé kì í ṣe ibà, mo sì ń bá wọn gbé orí Ìyá sókè.

Nígbà tá a máa gbé wọn dé ọsibítù, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dá èèyàn mọ̀ mọ́. Dókítà tẹ̀ wọ́n níkùn, ó wo ojú wọn, ó bi wá pé kí ni wọ́n mu. Mọ́mì yíjú sí mi, torí èmi ni mo kàwé, èmi ni mo máa ń bá wọn dá dókítà lóhùn. Ẹnu mi là. Mo ní àgbo ni. Dókítà ò bú wa, ó kàn mi orí ni, ó ní àgbo yìí náà ni, ó ti ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́. Kí ló tún fẹ́ sọ, nǹkan tí mo sọ fún un náà ló gbọ́. Mọ́mì ní, èmi ni mo sè é. Wọ́n jókòó sílẹ̀, sórí táìsì báyìí, pẹ̀lú aṣọ àti gèlè wọn.

Ó wá ku èyí tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Dókítà náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sọ́dọ̀ Ìyá, ó rọra bi wọ́n pé Màmá, ṣé àgbo nìkan lẹ mu? Ìyá lajú. Wọ́n wá mi kiri pẹ̀lú ojú títí wọ́n fi rí mi. Mo rò pé ó tán. Ìyá ní, àgbo ni.

Àgbo ni. Ìyá tí kì í gbà kẹ́nikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí àgbo àwọn, tí wọ́n lè bá èèyàn jà láti àárọ̀ dalẹ́ torí pé ó ní àgbo máa ń ba inú jẹ́. Wọ́n fi orúkọ tí wọ́n ti ń ṣe látìgbà ọmọge bò mí láṣìírí lójú dókítà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ gbẹ̀yìn tó yé èèyàn nìyẹn. Láàárọ̀ Saturday wọ́n lọ, kó tó di ìrọ̀lẹ́ a ti kírun sí wọn lára, a ti sin wọ́n sí Alápòtì, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan.

Bá a ṣe ti itẹ́ òkú dé, Mọ́mì gbé ìkòkò dúdú yẹn, wọ́n là á mọ́lẹ̀. Wọn ò tà mọ́ látọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ sì ti dé gate, wọ́n ti ń sọ ọ́ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ pé àgbo tí wọ́n ń tà fún wa ló pa ìyá tó ń sè é. Mọ́mì ò jẹun dáadáa mọ́. Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi mí, bí mo ṣe ń wọlé báyìí: mo tọ́ ọ wò, kò ṣe mí ní nǹkan kan, kí ló wá ṣe Ìyá? Ṣé mo sè é jù ni? Ṣé èèpo ló pọ̀ jù? Mo sì dá wọn lóhùn. Ọlọ́run má fìyà jẹ mí, mo dá wọn lóhùn. Mo ní ẹ̀dọ̀ arúgbó ò rí bíi tiwọn, pé nǹkan tí kò ṣe ẹni tó tọ́ ọ wò lè pa ẹni tó mu ún. Mo fi ìwé tí wọ́n rán mi lọ kà gba òfin Ìyá lọ́wọ́ wọn. Mọ́mì ní á jẹ́ pé gbogbo ọdún yẹn, ẹ̀tàn làwọn ń tan ara àwọn jẹ pẹ̀lú títọ́ ọ wò.

Títí di ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo ṣì máa ń sọ fún ara mi pé bóyá kì í ṣe ìgò mi. Bóyá ọjọ́ orí ni. Bóyá àgbo náà ni lóòótọ́, èèyàn ò lè mọ̀. Result àwọn eku wá jáde. Àwọn tá a fún ní ìkẹtàdínlógún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, nígbà tí wọ́n sì la inú wọn, ẹ̀dọ̀ wọn ti bàjẹ́ pátápátá. Ọ̀gá mi káwọ́ lérí díẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ wa ò ju báyìí náà lọ, ká pa á tì ká mú òmíì. Mo wọ toilet láàbù, mo ti ilẹ̀kùn. Eku ò lẹ́nu lóòótọ́, àmọ́ wọ́n sọ ọ́.

Ìdajì tó kù nínú ìgò yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mi ò lè dà á nù, mi ò lè dá a padà. Mo wé e sínú ìborùn Ìyá kan, mo tì í mọ́ inú àpótí aṣọ mi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dé nìyí. Mọ́mì ní lọ́jọ́ fídáù, tí àáfà bá ti ṣàdúrà tán, àwọn máa kúnlẹ̀ níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò àwọn, àwọn máa tọrọ àforíjì pé ọwọ́ àwọn ni ikú ìyá wọn ti wá. Wọ́n ní kí n dúró ti àwọn, kí n bá àwọn ṣàlàyé fún ẹbí bí èèpo igi ṣe ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, torí èmi ló mọ̀ ọ́n sọ. Èmi. Tí mo bá la ẹnu mi sọ òótọ́, wọ́n lè lé mi ní school, ìyẹn ò tún dùn mí mọ́, àmọ́ ṣé Mọ́mì máa lè wò mí lójú mọ́ láyé? Ìyá ńkọ́, tí wọ́n fi ẹ̀mí tó kù lẹ́nu wọn bò mí, ṣé kì í ṣe pé mo ń tú aṣọ tí wọ́n dà bò mí nìyẹn? Tí mi ò bá sì sọ ọ́, ẹ̀ṣẹ̀ mi ni Mọ́mì máa gbé dé sàárè. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tíì pé ogójì ọjọ́, ó ti rẹ̀ mí.

Láàárọ̀ yìí Mọ́mì po ògì fún mi. Wọ́n bu díẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù kékeré Ìyá, wọ́n mu ún, wọ́n fa tèmi sọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa tẹ̀sùbáà. Ògì lásán. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé kò wúlò, àmọ́ ọwọ́ àwọn ò gbà kí àwọn gbé e fún mi bẹ́ẹ̀. Mo jókòó, mò ń wò wọ́n títí wọ́n fi fà á yí ká, wọ́n wá ti ògì mi padà sí mi, ó ti tutù. Mo mu ún tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ìyá lórí page yìí, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dá mi lóhùn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni Mọ́mì, ṣé ẹ máa fẹ́ mọ̀? Ṣé kí n sọ ọ́ fún wọn kó tó dọjọ́ Sunday, àbí kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dúró síbi tí Ìyá fi í sí?